Iná Inú Ọkọ̀ Tó Ń Mu Bátìrì Gbẹ: Bí Ẹ Ṣe Máa Wá A Rí, Tí Ẹ Ó sì Dá A Dúró

Bí ọkọ̀ yín bá ń sítáàtì dáadáa láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ló máa ń dún "kẹ-kẹ-kẹ" tí kò ní dìde, ẹ má tíì náwó sórí bátìrì. Ẹ kọ́kọ́ fura sí iná kékeré kan nínú ọkọ̀ náà tí kì í kú nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn tán. Ọ̀pọ̀ bátìrì tí nǹkan kan ò ṣe ni wọ́n ti yọ dànù nítorí irú iná bẹ́ẹ̀. Tuntun tí wọ́n rà á gbé ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, lẹ́yìn náà òun náà á bẹ̀rẹ̀ ìyọnu, torí pé ohun tó ń mu iná ṣì wà níbi tó wà. Iná òrùlé tí gbogbo ènìyàn ń fojú rí kọ́ ló sábà máa ń fà á. Èyí tó fara pamọ́ nígbà tí ohun gbogbo bá wà ní títì ló yẹ kí ẹ wá.

Ìdí tí gílóòbù kékeré fi ń pa bátìrì ńlá

Ẹ fi fólítì 12 pín wáàtì tó wà lára gílóòbù. Iye tó bá jáde ni áàmpù tó ń fà. Gílóòbù wáàtì 10 ti àárín òrùlé ń fà nǹkan bí áàmpù 0.8. Ti wáàtì 5, irú èyí tó máa ń wà nínú búùtù àti ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ń fà nǹkan bí 0.4. Ó kéré létí, àmọ́ ẹ fi wákàtí ká a. Gílóòbù búùtù tó tàn láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì títí di aago mẹ́fà àárọ̀ Ọjọ́ Ajé ti lo wákàtí 60, ó sì ti mu Ah 25 nínú bátìrì (Ah ni áàmpù tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀, òun ni wọ́n fi ń wọn agbára bátìrì). Bátìrì Ah 60 tó ṣì lágbára lè fara dà á. Èyí tó ti pẹ́, tí ooru abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ti jẹ agbára rẹ̀ dé bí Ah 35, kò lè fara dà á. Ah 10 tó ṣẹ́ kù nínú rẹ̀ kò tó láti yí kíkísítátà, tó ń béèrè ju áàmpù 100 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ti ilẹ̀kùn tí kò wọlé dáadáa tilẹ̀ tún burú ju èyí lọ. Iná òrùlé wáàtì 10, iná méjì iwájú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 5, àti ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn wáàtì 5: àpapọ̀ wáàtì 25, ó lé díẹ̀ ní áàmpù 2. Alẹ́ kan ṣoṣo, wákàtí 11, ti mu Ah 23. Ọ̀pọ̀ Toyota tuntun máa ń pa iná yìí fúnra wọn lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 bí ẹ bá gbàgbé ilẹ̀kùn ní ṣíṣí díẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tókùnbọ̀ tó ti dàgbà kò ní irú ètò bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tàn án títí bátìrì á fi dákú.

Bátìrì tó gbẹ pátápátá kì í padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iná bá tán nínú rẹ̀, ohun funfun kan tó ń jẹ́ sulphate máa ń bo àwọn pátákó òjé inú rẹ̀, bó bá sì pẹ́ lára wọn á gan mọ́ ọn, apá ibẹ̀ ò sì ní gba iná mọ́. Ìdí nìyẹn tí bátìrì tí wọ́n ti fi jọ́mpà jí lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin kì í fi í pẹ́ láyé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó rọrùn

Súìṣì iná òrùlé ní ipò mẹ́ta: ON, DOOR, OFF. Lára àwọn kan, àwòrán ilẹ̀kùn kékeré ni wọ́n yà dípò DOOR. Bó bá wà ní ON, ì báà ṣe pé gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì, iná á máa tàn. DOOR ló yẹ kó wà lójoojúmọ́. Àwọn iná méjì tó wà níwájú nítòsí dígí àwòyẹ̀yìn ní bọ́tìnì tiwọn; bí ẹnì kan bá tẹ̀ ẹ́, wọ́n á máa tàn lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ì báà jẹ́ DOOR ni ti òrùlé wà. Ọmọdé tó jókòó níwájú lè tẹ̀ ẹ́ lọ́sàn-án, kí oòrùn má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i. Kí ẹ tó bọ́ sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ṣíji bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí ẹ wò ó bóyá ó ń tàn.

Ẹ wo dígí kékeré tó wà lẹ́yìn pátákó tí a ń fà wálẹ̀ fi dí oòrùn. Bí ìdérí rẹ̀ bá ti ṣẹ́, iná ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lè máa tàn lẹ́yìn tí ẹ ti gbé pátákó náà padà sókè. Lára àwọn Ford àti Chevrolet mìíràn láti Amẹ́ríkà, ẹ tún wo róbótó kékeré tí a fi ń mú iná dáṣíbọ́ọ̀dù mọ́lẹ̀ tàbí kó rẹ̀: bí wọ́n bá yí i sókè dé òpin títí tó fi dún "kẹ́", gbogbo iná inú ọkọ̀ á tàn, ẹni tí kò mọ̀ á sì máa tú òrùlé wò lásán.

Ibi tí wọ́n ti ń fọ ọkọ̀ àti ọgbà mẹkáníìkì ń jẹ bátìrì gan-an, torí ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti búùtù lè wà ní ṣíṣí fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi súìṣì sí OFF kí ẹ tó gbé kọ́kọ́rọ́ fún wọn, kí ẹ sì dá a padà sí DOOR nígbà tí ẹ bá gbà á. Àwọn kan máa ń fi í sí OFF títí ayé kí ọkàn wọn lè balẹ̀. A kò gbà yín nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀: iná náà ló ń sọ fún yín ní òru pé ilẹ̀kùn kan kò wọlé, OFF kò sì kan iná búùtù rárá.

Búùtù àti pigeon hole

Ẹ ṣí káméra fóònù, ẹ tẹ fídíò kó máa gbà, ẹ rí i dájú pé tọ́ọ̀ṣì fóònù náà kò tàn, kí ẹ gbé e sínú búùtù kó kọjú sí gílóòbù. Ẹ ti búùtù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wo fídíò náà. Ó yẹ kí gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn bí ẹ bá ti pa á dé. Bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ títí dé ìparí, ẹ ti rí olè yín. Ẹ ṣe bákan náà fún pigeon hole. Kí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ wà lọ́wọ́ yín o, kì í ṣe nínú búùtù.

Iná búùtù kì í kú bí súìṣì inú kọ́kọ́rọ́ búùtù (ìyẹn lock rẹ̀) bá ti dọ̀tí, bí ìdérí kò bá tẹ̀ ẹ́ dáadáa nítorí pé wọ́n ti gbá ọkọ̀ náà lẹ́yìn rí, tàbí bí wáyà tó gba inú rọ́bà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdè búùtù bá ti bó, tó ń kan bọ́dì. Èyí tó kẹ́yìn yìí pọ̀ lára ọkọ̀ tí búùtù rẹ̀ ń ṣí pẹ̀lú dígí ẹ̀yìn, torí gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i ni wáyà náà ń tẹ̀. Ẹ fa rọ́bà náà kúrò nídìí, ẹ wo wáyà ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti já, kí ẹ fi òjé jó o pọ̀ mọ́ wáyà tuntun tó gùn díẹ̀ sí i, kí ẹ sì fi rọ́bà tó ń súnkì nínú ooru bò ó. Tépù nìkan kò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bí ẹ kò bá ráyè tún un ṣe lónìí, ẹ yọ gílóòbù náà kúrò. Ọkọ̀ kì í bínú nítorí pé búùtù rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ jẹ́ kó tutù kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Gílóòbù wáàtì 5 tó ti tàn fún wákàtí kan ń jó ìka.

Súìṣì ilẹ̀kùn: ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí

Oríṣi méjì ló wà. Ti àtijọ́ ni ọ̀pá kékeré tó yọrí lára òpó ilẹ̀kùn, tí rọ́bà bò, tí ilẹ̀kùn ń tì wọlé. Ọ̀pọ̀ Toyota, Nissan àti Mazda tó wà lójú títì wa ló ní in. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ọ̀pá náà á jáde, wáyà iná á kan bọ́dì, gílóòbù á tàn. Bí ẹ bá tì í, ọ̀pá á wọlé, ìkànra náà á já. Oríṣi kejì wà nínú kọ́kọ́rọ́ (lock) ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ẹ kò lè rí i láti ìta.

Fún oníọ̀pá, ẹ fi iná òrùlé sí DOOR, ẹ ti gbogbo ilẹ̀kùn, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, torí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń jẹ́ kí iná rọra kú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15 sí 30. Bó bá ṣì ń tàn, ẹ mú ilẹ̀kùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí i, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ọ̀pá rẹ̀ wọlé pátápátá. Bí iná bá kú nígbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n tí kì í kú nígbà tí ẹ ti ilẹ̀kùn, súìṣì náà dára. Ilẹ̀kùn ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó. Ó lè jẹ́ pé orí rọ́bà rẹ̀ ti jẹ tán, tàbí ìdè ilẹ̀kùn ti rọ̀, ilẹ̀kùn ti sọ̀ kalẹ̀. Rọ́bà tuntun kò wọ́n. Kí ẹ tó rí i rà, ẹ lè lẹ rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó nípọn tó mìlímítà 2 tàbí 3 mọ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti ń kan ọ̀pá náà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi sípírítì nu ibẹ̀.

Bí iná kò bá kú nígbà tí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ tú sùkúrù kan ṣoṣo tó dì í mú, kí ẹ rọra fà á jáde, kí ẹ sì yọ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ mú wáyà yẹn dání kó má bọ́ padà sínú òpó. Bó bá bọ́ sínú, ẹ ó tú pílásítíìkì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kí ẹ tó rí i fà. Bí iná bá kú bí wáyà ti yọ, súìṣì náà ló bàjẹ́. Bó bá ṣì ń tàn, ilẹ̀kùn yẹn kò jẹ̀bi. Ẹ dá a padà, ẹ lọ sí òmíràn. Bí ẹ bá ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò tí iná ṣì ń tàn, ó di pé wáyà kan ń kan bọ́dì níbì kan, tàbí kọ̀ǹpútà tó ń darí iná ló níṣòro. Ìgbà yẹn ló di iṣẹ́ rewáyà.

Súìṣì tó bàjẹ́ kì í ṣe pé ó ti kú tán nígbà gbogbo. Omi ìfọkọ̀, eruku ọyẹ́ àti atẹ́gùn iyọ̀ etíkun Èkó ló máa ń mú kí ó dógùn-ún, kí ọ̀pá rẹ̀ há. Ẹ fọ́n oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú iná (contact cleaner) sí i, ẹ tẹ ọ̀pá náà ní bí ìgbà 20 títí táá fi máa yọ wọlé yọ jáde pẹ̀lú ìrọ̀rùn, ẹ fi sánpépà kíkúnná ha ibi tí irin rẹ̀ ti kan bọ́dì, kí ẹ sì fi gírísì díẹ̀ pa ọ̀pá náà lára. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ó ń jẹ rọ́bà, èéfín rẹ̀ sì lè gbaná nítòsí wáyà.

Fún èyí tó wà nínú kọ́kọ́rọ́, ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: ọkọ̀ mìíràn máa ń fi ilẹ̀kùn tó ṣí hàn. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn náà, kí ẹ fi sùkúrúdíráfà ti ahọ́n kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kó dún lẹ́ẹ̀mejì bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wọlé. Bí iná kò bá kú, súìṣì inú rẹ̀ ti há. Ẹ fọ́n oògùn ìfọjú-iná yẹn wọ inú rẹ̀, ẹ tì í kí ẹ tún tú u léraléra, kí ẹ duro ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tún dán an wò. Nígbà púpọ̀ gírísì àtijọ́ tó ti gan ni ìṣòro. Bí kò bá gbọ́, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà ni wọ́n máa ń pààrọ̀, tókùnbọ̀ rẹ̀ sì wà ní Ladipo àti ní Gate n'Ìbàdàn. Ẹ rántí fa ọwọ́ ilẹ̀kùn láti tú ahọ́n náà sílẹ̀ kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn. Bí ẹ bá gbá a mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ẹ ó ṣẹ́ ẹ.

Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni gé wáyà súìṣì ilẹ̀kùn kí iná lè kú. Wáyà yẹn kan náà ló ń sọ fún aláàmù àti kọ́kọ́rọ́ rìmóòtù pé ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Bí ojú kò bá rí i, mítà á rí i

Mítà olówó pọ́ọ́kú tó lè ka áàmpù 10 ti tó. Ẹ tẹ̀lé e báyìí:

1. Ẹ pa ohun gbogbo, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́. Bó bá jẹ́ ti oníbọ́tìnì, ẹ gbé e jìnnà tó mítà márùn-ún sí ọkọ̀. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí àpótí fíúsì inú bá wà níbi tí ilẹ̀kùn ń bò, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀kùn náà wà ní ṣíṣí ṣùgbọ́n kí ẹ ti ahọ́n rẹ̀, tàbí kí ẹ fi tépù tẹ ọ̀pá súìṣì rẹ̀ mọ́lẹ̀.

2. Ẹ fi wáyà dúdú mítà sí COM, pupa sí ihò 10A, ẹ yí i sí áàmpù DC.

3. Ẹ fi sípánà 10 tú orí négétíìfù bátìrì. Ẹ kan ẹnu mítà kan mọ́ orí bátìrì, èkejì mọ́ wáyà tí ẹ tú. Láti ìgbà yìí lọ, ẹ má yí kọ́kọ́rọ́, ẹ má tan iná iwájú. Fíúsì mítà á jó.

4. Iye tó máa kọ́kọ́ hàn lè ju áàmpù 2 lọ. Ẹ má bẹ̀rù. Àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló jí. Ẹ fún wọn ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà mìíràn tó wákàtí kan, kí wọ́n sùn.

5. Ọkọ̀ tí ara rẹ̀ dá máa ń dúró sí áàmpù 0.05 tàbí kó kéré sí i. Bó bá dúró sí 0.4, ẹ wá gílóòbù wáàtì 5. Bó bá jẹ́ 0.8, ẹ wá ti wáàtì 10. Láàárín 0.1 sí 0.3, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ rédíò, trácker tàbí aláàmù tí wọ́n fi kún un.

6. Ẹ máa yọ fíúsì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa wo mítà. Èyí tó bá mú iye náà jábọ́ ni ọ̀nà tí iná ń gbà jò.

Fíúsì iná inú sábà máa ń ní orúkọ DOME lára ìdérí àpótí rẹ̀. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹ lè yọ ọ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì bí ọkọ̀ ò bá ní jáde, àmọ́ òun ló tún ń gbé aago àti rédíò lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nítorí náà kì í ṣe àtúnṣe.

Ọ̀nà kan wà tí kì í jí kọ̀ǹpútà. Orí fíúsì kọ̀ọ̀kan ní ojú irin kékeré méjì. Pẹ̀lú orí négétíìfù ní dídè padà, ẹ gbé wáyà pupa mítà kúrò ní 10A sí ihò V, ẹ yí i sí mílífólítì DC, ẹ kan ẹnu rẹ̀ méjèèjì mọ́ ojú méjèèjì yẹn, láìyọ fíúsì. Èyí tí iná kò gba inú rẹ̀ kọjá á fi 0.0 hàn. Èyí tó bá fi iye kankan hàn, ohun kan ń mu iná lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá lè ṣe èyí, ẹ fi í ṣáájú.

Àwọn iná tí wọ́n fi kún un

Iná LED gígùn tí wọ́n ń lẹ̀ sábẹ́ àga, iná aláràbarà inú dánfó àti kòròpé, tẹlifíṣọ̀n ẹ̀yìn àga: wàhálà wọn ni pé ẹni tó so ó máa ń mú wáyà rẹ̀ lọ tààrà sí pọ́sítíìfù bátìrì, torí ó yá. Irú bẹ́ẹ̀ á máa fà lẹ́yìn tí ẹ bá yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ ní kí rewáyà mú un láti fíúsì tó ń kú nígbà tí kọ́kọ́rọ́ bá jáde, irú ti ACC tàbí ti ihò ìtanná-sìgá tí ó ń kú, kí ó sì fi fíúsì áàmpù 3 tàbí 5 sí ojú wáyà náà. Láìsí fíúsì, wáyà tó bó lè dá iná sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Gílóòbù LED dára bí àtìlẹ́yìn. Èyí tó ń lo wáàtì 1 ń mu bí Ah 2 ní wákàtí 24, níbi tí ti wáàtì 10 ti ń mu 20. Ṣùgbọ́n súìṣì tó há ṣì há. Kí ẹ tó lọ ọjà, ẹ wọn gílóòbù òrùlé láti orí irin kan dé èkejì: mìlímítà 31, 36 àti 41 ló wọ́pọ̀. Tó bá jẹ́ onídìí pẹlẹbẹ, T10 ni ẹ máa béèrè. Bí LED kò bá tàn, ẹ yí i padà; ó ní orí àti ìdí. Bó bá ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́ lóru lẹ́yìn tí iná ti kú, iná díẹ̀ tó ń jò gba ìdí kọ̀ǹpútà ni, ẹ wá irú LED mìíràn.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Ìrìn Ọjọ́tà sí Berger kò lè kún bátìrì tó gbẹ. Ẹ gbé e fún ẹni tó ń cháàjì, kí ẹ sọ fún un pé jẹ́jẹ́ ni ẹ fẹ́: fún Ah 60, áàmpù 6 fún bíi wákàtí 10 sí 12. Cháàjì kíákíá lórí bátìrì tó gbẹ ń mú un gbóná.

Bí ọkọ̀ yóò bá dúró ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ tú orí négétíìfù. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú nígbàkígbà, torí bí sípánà bá kan bọ́dì níbi tí ẹ ti ń tú pọ́sítíìfù, iná ńlá á ṣẹ́. Aago á parẹ́, ẹ sì lè ní láti tún dígí aládàáṣiṣẹ́ kọ́ bí yóò ṣe máa gòkè.

Láti mọ̀ bóyá àtúnṣe náà dúró, ẹ wọn bátìrì ní alẹ́, wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ tún wọn ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn tó ń tan iná. Fólítì 12.6 túmọ̀ sí pé ó kún, 12.4 jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, 12.2 jẹ́ ìdajì, 12.0 sì ti fẹ́ tán. Kò yẹ kó já ju 0.1 lọ láti alẹ́ dé àárọ̀. Bó bá já láti 12.6 sí 12.3 pẹ̀lú gbogbo gílóòbù ní pípa, tí yíyọ fíúsì kankan kò sì yí iye mítà padà, ẹ fọwọ́ kan ara ọ́tánétọ̀ (alternator, ohun tó ń cháàjì bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́) láàárọ̀. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ́yìn òru tí ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́, díódì inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kí iná padà gba ibẹ̀ lọ. Ẹ tú négétíìfù, kí ẹ sì gbé ọ́tánétọ̀ náà fún rewáyà.